Ìtọ́jú àti Ìmúlọ́kànle fún Àwọn Aláìsàn Kíndìnrín Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá bẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ tí ìjọba máa ń kọ́kọ́ pa ni pé kí oníkálukú jókòó sí ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 wọ Nàìjíríà ní òpin oṣù kejì, tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Àṣẹ rere ni, ó sì dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí ìjókòó sílé lè pa wọ́n kí àrùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ni aláìsàn kíndìnrín tí ẹ̀rọ ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí tiwọn, àti nítorí àwọn tí ń tọ́jú wọn, ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

Iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe

Kíndìnrín méjì ni ènìyàn ní, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì: wọ́n ń yọ ìdọ̀tí àti omi tí ó pọ̀ jù kúrò nínú rẹ̀, èyí tí a ń tọ̀ dànù. Wọ́n tún ń ṣètò ìwọ̀n iyọ̀ inú ara, wọ́n sì ń ran ara lọ́wọ́ láti pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tí ó sábà máa ń bà wọ́n jẹ́.

Nígbà tí kíndìnrín méjèèjì bá dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ọ̀nà méjì ni ó ṣe gbòógì: kí a fi kíndìnrín ẹlòmíràn rọ́pò, tàbí kí ẹ̀rọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dáyálísíìsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni a sábà máa ń ṣe é, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kì í jẹ́ kí ó pé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́dọ̀ wa.

Ìdí tí ewu fi pọ̀ fún wọn

Ara aláìsàn kíndìnrín kì í sábà lágbára tó láti bá kòkòrò àrùn jà. Ní ti ẹni tí a ti fún ní kíndìnrín tuntun, oògùn tí ó ń lò kí ara má baà kọ̀ ọ́ máa ń dín agbára ìjà ara kù. Yàrá kan náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Èyí ni ó fi yẹ kí wọ́n wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́yìn tí dókítà wọn bá ti fọwọ́ sí i.

Ẹ má ṣe pa ọjọ́ fífọ ẹ̀jẹ̀ jẹ

Ẹni tí ó bá sá fún àjàkálẹ̀ àrùn tí kò lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ti sá fún ejò lọ bá ẹkùn. Omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èròjà pòtásíọ̀mù sì lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí tí ọkàn yóò fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà:

- Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, àṣẹ náà kò kan àwọn ilé ìwòsàn. Ẹ máa mú káàdì ilé ìwòsàn yín dání, kí ẹ lè fi han àwọn agbófinró lójú ọ̀nà.
- Ẹ ti ṣètò ọkọ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa sìn yín lọ.
- Ẹ lo ìbòmú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde.
- Bí ara bá gbóná tàbí tí ikọ́ bá ń ṣe yín, ẹ má ṣe jókòó sílé, ẹ má sì ṣe kàn wọlé lọ bá àwọn yòókù. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn nọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè ṣètò àyè ọ̀tọ̀ fún yín.

Oúnjẹ, omi àti oògùn

Ẹ ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, nílé. Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti kíndìnrín tuntun dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ àti màgí kù, kí ẹ sì mu omi ní ìwọ̀n tí dókítà là sílẹ̀. Pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, tòmátò, omi àgbọn àti iṣu. Ẹni tí yóò jẹ iṣu, kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí ó sì da omi náà nù.

Ẹ ṣọ́ra fún àhesọ. Nígbà àrùn Ebola ní ọdún 2014, àwọn kan mu omi iyọ̀ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ó ń dènà àrùn. Ní ọdún 2020, àwọn kan lo chloroquine ní àlòjù títí tí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ burú fún ẹni tí ara rẹ̀ yá; fún aláìsàn kíndìnrín, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yẹra fún àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti fún oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, àyàfi bí dókítà bá yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìtọ́jú ọkàn

Àìsàn kíndìnrín nìkan tó ẹrù gbé. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé bá a, ìbẹ̀rù di méjì: aláìsàn ń bẹ̀rù àtijáde, ó sì ń bẹ̀rù àtijókòó. Àlejò dẹ́kun àtiwá, iṣẹ́ dúró, owó ń lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ti di ìnira fún àwọn ọmọ òun.

Kí ará ilé kíyè sí àìróorunsùn, àìfẹ́jẹun, ìdákẹ́ tí kò mọ́ ọn lára, àti kíkọ̀ láti lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì ṣe àìnígbàgbọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ má ṣe kàn sọ pé “ẹ mọ́kàn le” kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ jókòó, ẹ bi í léèrè bí oorun ti rí, ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù, ẹ má sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí a kò bá lè ṣe ìbẹ̀wò, ẹ pè é lórí fóònù, pàápàá ní alẹ́ ọjọ́ tí ó bá fọ ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ó máa ń rẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ bá a wá aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò jọ máa sọ̀rọ̀.

A bẹ àwọn àlùfáà àti pásítọ̀: àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó fi ẹ̀rọ tàbí oògùn sílẹ̀. Bí aláìsàn bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Àrò ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó.

Ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn náà ń rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ẹbí, kí ẹnì kan máa wá ọkọ̀, kí ẹlòmíràn máa ra oògùn, kí ẹlòmíràn sì máa se oúnjẹ.

Owó àti ìrànlọ́wọ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti Federal Medical Centre ní Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn yín bí ẹ ṣe lè jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la bí:

- mímí bá ṣòro, tàbí tí aláìsàn kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn;
- ẹsẹ̀ tàbí ojú bá ń wú sí i;
- ọkàn bá ń lù ségesège, tàbí tí ara bá rọ lójijì;
- ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara mọ́.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ pe 112. Fún ìbéèrè lórí àjàkálẹ̀ àrùn, ẹ pe àjọ NCDC lórí 6232. A rọ ẹ̀yin ará ìlú pé, bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní àdúgbò yín tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀, kí ẹ ti bi í léèrè lónìí, kí wàhálà tó dé, ta ni yóò gbé e lọ bí ọ̀nà bá dí.