“Ṣé Ó Wà?” Kọ́, “Ṣé Ó Ti Tó?” Ni: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àyẹ̀wò Ẹyin Obìnrin

Àwọn ìwé àyẹ̀wò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kan wà ní ilé ìtajà oògùn tí ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. A ó ti orí rẹ̀ bọ inú ìtọ̀, a ó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó sì wo ìlà tó bá yọ lára rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò oyún tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Èkejì ni èyí tí obìnrin tó ń wá ọmọ ń lò nílé láti mọ ọjọ́ tí oyún lè dúró, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ovulation test. Àyẹ̀wò oyún ti ní èdè tirẹ̀ lẹ́nu wa: “ó wà” tàbí “kò sí”. Àyẹ̀wò kejì kò tíì ní tirẹ̀, ni a bá ń fi èdè ti àkọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣi àwọn obìnrin lọ́nà, nítorí pé ohun tí ìwé méjèèjì ń wò kò jọra rárá. Lójú tèmi, orí “tó” àti “ń bọ̀” ló yẹ kí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àyẹ̀wò yìí dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwé náà ń ṣe. Họ́mọ̀nù hCG ni àyẹ̀wò oyún ń wá, hCG kì í sì í pọ̀ lára obìnrin àfi bí oyún bá ti dúró. Nítorí náà, bí ìlà kejì tilẹ̀ hàn bàìbàì, a sábà máa ń gbà pé oyún wà. Họ́mọ̀nù LH ni ti ìwé kejì. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni LH ti ń wá, kò sì sí ọjọ́ tí kì í sí lára obìnrin. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó máa ń lọ sókè lójijì ní nǹkan bíi wákàtí 24 sí 36 kí ẹyin tó já. Ìlà bàìbàì lè yọ lónìí, kó tún yọ lọ́la, kó má sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìlà èsì bá dúdú tó ìlà tó máa ń yọ dandan, tàbí tó dúdú jù ú lọ, ni LH ṣẹ̀ṣẹ̀ ga. Bí a bá wá sọ fún obìnrin pé “tí o bá ti rí ìlà méjì, ó wà nìyẹn”, yóò máa ka ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì lè ti jáwọ́ kí ọjọ́ gan-an tó dé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kò jìnnà sí wa. Ẹni tó ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ kì í béèrè bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Bóyá ó tó ló ń béèrè.

Láti ibi tí a dé yìí, orúkọ àwọn ìlà náà kò ṣòro mọ́. Lára àyẹ̀wò oyún, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìlà tó máa ń yọ dandan ń ṣe: ó ń jẹ́rìí pé ìwé náà ṣiṣẹ́. A lè pè é ní ìlà ẹlẹ́rìí. Lára ìwé kejì, ìlà kan náà tún di ohun tí a fi ń wọn ìlà èsì. Ìlà òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ ká máa pè é níbẹ̀, kí ojú obìnrin lè mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi èkíní wé èkejì. Gẹ̀ẹ́sì fún ìlà méjèèjì ní orúkọ kan. Kò di dandan ká tẹ̀ lé e.

Ti ẹyin fúnra rẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Àwọn kan ń sọ pé obìnrin “yé ẹyin”. Adìẹ ló ń yé ẹyin, ohun tí a bá sì yé ti kúrò nínú ara. Àwọn mìíràn ń sọ pé ẹyin “jáde”, èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lè máa retí pé òun yóò rí nǹkan lára aṣọ. “Já” ni mo fara mọ́: ẹyin já kúrò ní ilé ẹyin bí èso ṣe ń já kúrò lára ẹ̀ka, inú ara náà ló sì wà. Ọ̀rọ̀ ìgbà ló kù. Bí obìnrin bá gbọ́ pé èsì ìwé túmọ̀ sí “ẹyin ti já”, ó lè rò pé ó ti pẹ́ jù. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ẹyin tó ti já kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ìwádìí tí Allen Wilcox àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995 fi hàn pé ọjọ́ mẹ́fà ni oyún ti lè dúró: ọjọ́ tí ẹyin já àti ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ló ṣe kókó, ìkìlọ̀ pé ẹyin fẹ́ já sì ni ìwé náà ń ṣe. Orúkọ tí mo dábàá fún un nìyí: àyẹ̀wò ẹyin-ń-bọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé orúkọ yìí náà ń ṣèlérí. Obìnrin tó ní àìsàn ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní PCOS lè rí i pé LH rẹ̀ ga fún ọjọ́ púpọ̀, kí ẹyin kankan má sì já. Òótọ́ ni, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ẹni tó ń bọ̀ kò tíì dé, ó sì lè yà sọ́nà. “Ń bọ̀” fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn. “Ti já” kò fi sílẹ̀. A ti rí ohun tí orúkọ tó sọ àsọjù lè fà. A sọ HIV di àrùn kògbóògùn nígbà tí kò tíì sí oògùn gidi fún un. Láti 1996 ni àwọn dókítà ti ń pa oògùn pọ̀ láti fi kápá rẹ̀, ẹni tó bá sì ń lò ó déédéé lè pẹ́ láyé. Síbẹ̀, orúkọ yẹn ṣì wà lẹ́nu wa, ó ń sọ fún aláìsàn pé oògùn kò ràn án.

Àwọn mìíràn yóò ní ká fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, torí òun ló wà lára páálí. Kò burú láti fi rà á. Ṣùgbọ́n orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sọ bí a ṣe ń ka ìlà, kò sì sọ pé ẹyin kò tíì já. Ẹlòmíràn yóò ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ ní gbangba. Ẹ wo “nǹkan oṣù”: kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò yé. Ẹyin-ń-bọ̀ kò tìtorí pé ó ṣe kedere kó di ọ̀rọ̀ àìmọ̀wàáhù. Àwọn tó sì gbà pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ẹ rántí pé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ dojú kọ, kì í ṣe ìlera. Ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ ìlera ti ń gbilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìlera lórí rédíò, bí obìnrin bá mú ìwé yìí wá, ẹ bi í pé, “Ṣé ìlà èsì ti tó ìlà òṣùwọ̀n?” Bó bá ti tó, ẹ sọ fún un pé ẹyin ń bọ̀, kí òun àti ọkọ rẹ̀ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì rẹ̀ kọjá lásán. Bí wọ́n bá sì ti ń wá ọmọ fún ọdún kan láìrí i, tàbí oṣù mẹ́fà bí obìnrin náà bá ti pé ẹni ọdún 35, ẹ ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà, torí ìwé náà kò lè sọ ohunkóhun nípa àtọ̀ ọkùnrin.