Ta Ló Kọ́kọ́ Kọ Orúkọ Yorùbá Sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa gbà pé òyìnbó ló sọ wá ní Yorùbá. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1615 ni Ahmad Baba, àgbà onímọ̀ Timbuktu, ti dárúkọ Yorùbá nínú ìwé Lárúbáwá tó kọ lórí òwò ẹrú. Ó kà wọ́n mọ́ àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ní 1812, Muhammad Bello ti Sókótó kọ ọ́ nínú Infaq al-Maysur pé ìran Kénáánì, ẹ̀yà Námúrúdù, tí wọ́n lé kúrò nílẹ̀ Lárúbáwá ni Yorùbá.

Hugh Clapperton, ọmọ ogun ojú omi ará Scotland, dé ọ̀dọ̀ Bello ní 1824. Àyọkà láti inú ìwé Bello wà lẹ́yìn ìwé ìrìn àjò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1826. Ẹnu ẹni tó jìnnà sí wa ni òyìnbó ti gbọ́ ìtàn wa. Nígbà tí Clapperton fúnra rẹ̀ dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù January 1826, Katunga tí Hausa ń pè é ló kọ sílẹ̀.

Ọ̀yọ́ nìkan ni orúkọ náà ń tọ́ka sí nígbà náà. Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá àti Èkìtì kò pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní Freetown, Àkú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, nítorí bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843. Koelle, ọmọ Jámánì tó ń bá CMS ṣiṣẹ́, tako èyí ní 1854, ó ní kò yẹ kí á fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo wọn. Wọn kò gbọ́. Ní 1894, Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, fi Yorùbá pe gbogbo ẹni tó ń sọ èdè wa. Ìwé Johnson, ọmọ wa, tó jáde ní 1921, ló wá yẹ ìtàn Bello wò, tó sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé.

Àwa ará Ọbọ-Ayégúnlẹ̀ ńkọ́? Èkìtì ni wá, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wá sábẹ́ Ìlọrin ní Àríwá, ó fi ọ̀pọ̀ ìbátan wa sí Gúúsù. Ìwé tí Hermon-Hodge, òṣìṣẹ́ wọn, kọ ní 1929, ìwé Ẹ̀kùn Ìlọrin ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ìjọba wá ìtàn wa, ojú ààlà ni yóò gbà wò ó.

A kò bú ẹnikẹ́ni. Òyìnbó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un, onímọ̀ Lárúbáwá náà kọ ohun tó gbọ́. Bí a kò bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ Lárúbáwá, tí ẹ tún mọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ mú kálàmù. Ẹni tí kò kọ ìtàn ara rẹ̀, àlejò ni yóò bá a kọ ọ́.