Ọba Henry Kọ́ Ló Dá Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Sílẹ̀

Bí ọmọ Ìjọ Àgùdà àti ọmọ Ìjọ Áńgílíkà bá ń jiyàn, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde: ọba tó fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀ ló dá Ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀. Lóòótọ́, Ọba Henry Kẹjọ fẹ́ kọ Catherine ìyàwó rẹ̀, Póòpù kò gbà, òfin ọdún 1534 sì fi ọba ṣe olórí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ilé kọ́ ló kọ́ ọ. Láti ọdún 597, tí Augustine tí Póòpù Gregory rán ti gúnlẹ̀ sí Kent, ni ìjọ náà ti ń gbèrú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Àtúnṣe Ìsìn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹ̀sìn wọn ní tuntun. Matthew Parker, tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury lọ́dún 1559, ṣa ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ jọ, ó sì tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1572 lórí bí ìjọ náà ti pẹ́ tó. Kí wọ́n lè fo Augustine ará Róòmù dá, wọ́n gbá Lucius, ọba Bìrìtéènì, mú, ẹni tí ìtàn sọ pé ó gba Kristi ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Àwọn mìíràn ní Jósẹ́fù ará Arimatéà ló mú ìhìn rere dé Glastonbury.

Ibí yìí ni wọ́n ti ṣìnà. Àfikún tí àwọn ẹlòmíràn ṣe sí ìwé òpìtàn William ará Malmesbury lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìtàn Jósẹ́fù. Ti Lucius kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan títí ó fi jáde nínú ìwé kan ní Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Inú ìwé yẹn ni òpìtàn Bede ti rí i. Èyí tó tún burú jù ni pé, nínú ìtàn náà gan-an, Póòpù Eleutherius ni Lucius kọ̀wé sí pé kó sọ òun di Kristẹni! Báwo nìyẹn ṣe fi hàn pé ìjọ náà kò jẹ Róòmù ní gbèsè?

Ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin wà. Lọ́dún 314, bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láti Bìrìtéènì wà níbi ìpàdé ìjọ ní Arles. Ìjọ ti wà ní Bìrìtéènì kí Augustine tó dé, ó sì ń bá àwọn ìjọ yòókù ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Àgùdà, ẹ fi Henry sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Áńgílíkà, ẹ fi Lucius sílẹ̀. Ta ló láṣẹ lórí ìjọ ni ìjà ọdún 1534. Ọjọ́ orí ìjọ kò lè parí rẹ̀.