Banzo àti Orí: Bí Àwọn Ọmọ Kétu Ṣe Kojú Ìbànújẹ́ ní Bàhíà

Ní ọdún 1793, Luís António de Oliveira Mendes, ọ̀mọ̀wé ọmọ bíbí Bàhíà, gbé ìwé kan kalẹ̀ níwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé ní ìlú Lisbon, lórí àwọn àìsàn tí ń pa àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà. Ó ka ìbànújẹ́ mọ́ wọn. Banzo ni wọ́n ń pè é ní Bràsíìlì: àárò ilé yóò mú ènìyàn débi pé kò ní jẹun mọ́, títí ikú yóò fi dé.

Àwọn ènìyàn wa láti Kétu àti agbègbè rẹ̀ wà lára àwọn tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ kó, tí a sì tà sí òkè òkun. Wọ́n pàdánù ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni wọ́n wá fi gbé ara wọn ró?

Ìdáhùn náà wà nínú ilé òrìṣà tí àwọn ọmọ Kétu, Ọ̀yọ́ àti ìlú mìíràn dá sílẹ̀ ní Salvador. Ọ̀kan nínú wọn ni Ilê Axé Iyá Nassô Oká, tí ìjọba Bràsíìlì kà kún ohun ìní orílẹ̀-èdè ní 1984. Nínú àwọn ilé tí ń jẹ́ orúkọ Kétu títí di òní, iaô, ìyẹn ìyàwó, ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ebômi, ẹ̀gbọ́n mi, ni ẹni tí ó ti pé ọdún méje. Iaquequerê ni ìyá kékeré. Àwọn tí ó bá jọ wọlé, barco ni wọ́n ń pè wọ́n, èyí tí í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ya ẹbí. Àwọn tí ó jọ wà nínú ọkọ̀ tún di ẹbí.

Wọn kò gbàgbé ìbọrí, tí wọ́n ń pè ní bori. Bí ọkàn ẹnì kan bá rẹ̀wẹ̀sì, wọn a tẹ́ ẹní fún un, wọn a fi omi tútù, obì àti oúnjẹ bọ orí rẹ̀, àwọn ará ilé a sì dúró tì í.

A kò sọ pé èyí gba gbogbo ènìyàn là. Banzo pa ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìbànújẹ́ a máa le sí i lára ẹni tí ó bá dá wà. Ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ lónìí, ọmọ ilé-ìwé tí kò jẹun mọ́, tí ó sé ilẹ̀kùn mọ́rí, ọ̀lẹ ni a sábà ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a kan ilẹ̀kùn náà, kí a jókòó tì í, kí a sì bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.