Ojú Tó Ń Yẹ Àbùlẹ̀ Wò: Apá Tí Wọn Kì Í Sọ Nínú Ìtàn Git

Bí ìtàn akọni ni àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ṣe máa ń sọ ìtàn Git. Wọ́n á ní inú bí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Linus Torvalds ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, nígbà tí yóò sì fi jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti ṣe irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń lò dòní. Ìtàn náà dùn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà nípa rẹ̀ sí i, mo rí i pé ibi tí ìtàn yẹn ń parí sí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé kì í ṣe ìbínú ẹnì kan ló mú Git dúró títí di òní. Àwọn tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí láti ọdún náà wá, ni wọ́n mú un dúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Git jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí àwa mẹ́rin jọ kọ eré oníṣe kan fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Orí fóònù la ti ń kọ ọ́, tí a sì ń fi í ránṣẹ́ sí ara wa. Kò pẹ́ tí a fi ní "eré ìparí", "eré ìparí gan-an" àti "eré ìparí gan-an 2". Ẹnì kan nínú wa ṣí ẹ̀dà àtijọ́, ó kọ tirẹ̀ kún un, ó fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìran kẹta tí ẹlòmíràn ti fi òru ọjọ́ kan tún ṣe ṣe dàwátì. Kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó yọ ọ́, ìgbà tó yọ ọ́, tàbí ìdí rẹ̀. Irú ìṣòro yìí ni irinṣẹ́ bíi Git wà fún. Ó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà tí iṣẹ́ kan ti ní rí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i padà, ọjọ́ tó yí i àti ìdí tó fi yí i. Bí ẹni méjì bá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè bá wọn so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Ẹni mẹ́rin péré la sì jẹ́ o! Ẹ wá ro ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọn kò rí ara wọn rí, tí wọn kò sì gbé orílẹ̀-èdè kan náà.

Ohun tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ síra wọn ni Òyìnbó ń pè ní patch. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ fún un láti ayébáyé: àbùlẹ̀. Ìyá mi ń ránṣọ, mo sì ti bá a lẹ orúnkún ṣòkòtò tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé a kì í sọ odindi aṣọ nù nítorí ihò kan. Ní ti kọ̀ǹpútà, àfiwé yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Ní àwọn ọdún 1940, ihò ni wọ́n ń lù sára téèpù bébà láti fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ bíi Harvard Mark I ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá lu ihò kan síbi tí kò yẹ, wọ́n á gé bébà kékeré, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ bo ojú rẹ̀. Àbùlẹ̀ tó ṣeé fọwọ́ kàn ni. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ diff ní Bell Labs, èyí tó máa ń fi fáìlì méjì wé ara wọn ní ìlà-ìlà, tí á sì sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ní ọdún 1985 ni Larry Wall gbé ètò tirẹ̀ jáde, èyí tó ń gba ìyàtọ̀ yẹn, tó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì àtijọ́. Láti ìgbà náà, kò di dandan kéèyàn fi odindi aṣọ ránṣẹ́ mọ́, àbùlẹ̀ nìkan ti tó. Àmì àyọkúrò wà níwájú ìlà tí a yọ, àmì àròpọ̀ wà níwájú èyí tí a fi kún un. Lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbà á lè kà á kó tó lẹ̀ ẹ́.

Torvalds jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki, ní Finland, nígbà tó kéde Linux ní ọdún 1991. Ó ṣí iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àbùlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ibi gbogbo. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ímeèlì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, Torvalds fúnra rẹ̀ ló sì ń kà á, òun ló ń lẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń sọnù. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á tún un fi ránṣẹ́, á tún un fi ránṣẹ́, láìmọ̀ bóyá wọ́n kọ̀ ọ́ ni tàbí wọn kò tilẹ̀ rí i. Ní ọdún 2002, ó gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BitKeeper lò. Ilé iṣẹ́ Larry McVoy ló ni ín. Wọ́n fún àwọn oníṣẹ́ Linux lò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin sí i: ẹni tó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ máa ṣe irú rẹ̀ mìíràn. Àwọn kan fárígá, Richard Stallman wà lára wọn. Wọ́n bèèrè pé báwo ni iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo ayé ṣe máa wà nínú ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kọ́kọ́rọ́ náà yí padà ní ọdún 2005. Andrew Tridgell, ọmọ Australia, so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ti BitKeeper, ó tẹ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ìrànlọ́wọ́", ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì ka gbogbo àṣẹ tó mọ̀ fún un. Ibẹ̀ ló gbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tó lè kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ jáde láìlo BitKeeper. McVoy ka èyí sí ìwà ọ̀dàlẹ̀, ó sì gba ìlò ọ̀fẹ́ náà padà. Tridgell ni Torvalds bínú sí. Èmi ò rí ẹ̀bi Tridgell níbẹ̀. Kò já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ó kan ilẹ̀kùn ni, wọ́n sì dá a lóhùn.

Èyí tó kù nínú ìtàn akọni yẹn kò gùn. Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Nígbà tó fi di ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, òun ni wọ́n fi ṣètò Linux 2.6.12 jáde.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ akọni kì í ṣe: ní oṣù Keje ọdún kan náà, ó gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọ Japan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Junio Hamano, ló gbé e fún. Hamano kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ó ti ń fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Torvalds sì ti tipasẹ̀ àbùlẹ̀ wọ̀nyẹn mọ irú ọwọ́ tó ní. Ó lé ní ogún ọdún tí Hamano ti wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ga jù nínú àwọn méjèèjì, Hamano ni màá mú.

Ọ̀nà tí àbùlẹ̀ ń gbà lọ́dọ̀ wọn nìyí. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, wọn kì í bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó kọ ọ́ á fi àlàyé ṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe àlàyé ohun tó yí padà nìkan, nítorí àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò ti sọ ìyẹn. Ìdí ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Kí ló bàjẹ́? Ta ló ń dà láàmú? Èé ṣe tó fi jẹ́ ọ̀nà yìí lo gbà tún un ṣe? Nísàlẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kan tí wọ́n ń pè ní Signed-off-by, bí ẹni búra pé òun ló ni iṣẹ́ náà tàbí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Linux ni àṣà yìí ti wá, ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ SCO gbé IBM lọ sí kóòtù ní 2003 pé ó ti kó ohun ìní òun sínú Linux.

Ìgbà náà ni àwọn aláyẹ̀wò á dé. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á sì máa fèsì sáàárín ìlà àbùlẹ̀ náà gan-an. Ẹnì kan á bèèrè ìdánwò tó fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn á ní orúkọ tó lò á ru èèyàn lójú. Ẹni tó ni ín á tún un ṣe, á fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́, ẹ̀dà kẹta, nígbà mìíràn ó ń lé ní mẹ́wàá. Hamano á wá fi í sí ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní seen, ìyẹn ni pé "a ti rí i", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá gbó, á bọ́ sí next, níbi tí àwọn tó láyà á ti máa lò ó lójoojúmọ́, kó tó wọ master. Bí èlùbọ́ tó wà nínú oòrùn ni, bí wọ́n bá kó o wọlé kó tó gbẹ, á bu. Àwọn mìíràn kì í kúrò ní seen títí wọ́n á fi yọ wọ́n. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àbùlẹ̀ ti Hamano fúnra rẹ̀ náà ń gba ọ̀nà yìí kọjá.

Àyẹ̀wò máa ń dunni. Torvalds lókìkí fún ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tó ń sọ sí àwọn tí àbùlẹ̀ wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú iṣẹ́ Linux. Àwọn kan gbèjà rẹ̀ pé ìyẹn ló ń mú iṣẹ́ dára. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, òun fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì kúrò nídìí iṣẹ́ fúngbà díẹ̀ láti lọ wá ìrànlọ́wọ́ lórí ìwà náà. Linux gba ìlànà ìwà tuntun lásìkò yẹn, Git sì gba tirẹ̀ ní 2019. "Ìlà yìí kò ní ṣiṣẹ́ bí fáìlì bá ṣófo" ń sọ nípa àbùlẹ̀. "Òpònú ni ọ́" kò sọ ohunkóhun nípa àbùlẹ̀. Àwa ọmọ ilé ìwé mọ ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa.

Síbẹ̀, ojú tó pọ̀ tó báyìí náà ń gbójú fo nǹkan. Inú àpò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ .git ni Git ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, kì í sì í gbà kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú. Lórí Linux, .Git àti .git yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n lórí Windows àti Mac, lẹ́tà ńlá àti kékeré sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà fún ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ ibi lè fi .Git pamọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, kó sì tibẹ̀ máa pàṣẹ lórí ẹ̀rọ ẹni tó bá ṣe àdàkọ rẹ̀. Ihò yìí wà níbẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń ṣe Mercurial ni wọ́n rí i, irinṣẹ́ mìíràn tí Matt Mackall bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2005 kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ BitKeeper kan náà, tó sì ti ń bá Git du ọjà láti ìgbà náà. Wọ́n rí irú rẹ̀ nínú tiwọn, wọ́n mọ̀ pé á kan Git, wọ́n sì sọ fún wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2014, Hamano gbé àbùlẹ̀ rẹ̀ jáde fún ẹ̀dà Git márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, láti 1.8.5 títí dé 2.2, kí ẹni tó ṣì ń lo ti àtijọ́ náà lè rí tirẹ̀ lẹ̀.