Ilé Àtijọ́ Àwọn Àgùdà ní Èkó

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé rí: owó lè kọ́ tuntun, kò lè ra ọjọ́ orí fún un.

Nígbà tí àwọn ènìyàn wa tó ti ṣẹrú ní Bùràsíìlì ń padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ wálé. Pópó Àgùdà ni wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sára ògiri. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Títí dòní ni wọ́n ń kírun níbẹ̀.

Ti ilé Fernandez ní Tinúbú, tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Òfin nìkan kì í dá ilé sí; ẹni tó ń tún òrùlé ṣe ló ń dá a sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, kí ẹ tó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wó ilé bàbá yín, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.