Àwọn Agbègbè Tí Òfin Fún Ní Ipò Ọ̀tọ̀

Agbègbè mìíràn wà nínú orílẹ̀-èdè tí ìṣàkóso rẹ̀ kò jọ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Òmíràn ń ṣòfin fúnra rẹ̀, ó sì ń ná owó tirẹ̀. Òmíràn sì rèé, ipò ọ̀tọ̀ náà gan-an ni wọ́n fi gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀.

Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni Åland, àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Fínlándì. Èdè Swídìn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Swídìn ni wọ́n sì fẹ́ bá lọ, àmọ́ ní 1921 Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè dá a pé Fínlándì ló ni wọ́n, bí kò bá ṣáà ti ní jẹ́ kí èdè àti àṣà wọn parun. Ilé aṣòfin wọn ní ìjókòó 30. Láti 1984 ni wọ́n ti ń tẹ sítáǹbù lẹ́tà tiwọn. Ilẹ̀ ni wọ́n wá ń ṣọ́ jù, ọ̀rọ̀ tó máa tètè yé ọmọ onílẹ̀: ẹni tí kò bá ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú kò lè ra ilẹ̀ bó ṣe wù ú, kò sì lè dìbò yan aṣòfin wọn. Ọmọ Fínlándì tó bá fẹ́ ẹ̀tọ́ náà gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún 5, kó sì gbọ́ èdè Swídìn. Kódà, ọmọ bíbí ibẹ̀ tó bá kó lọ ju ọdún 5 lọ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Fínlándì kò sì lè dá yí òfin yìí padà, àfi bí Åland bá fọwọ́ sí i.

Kashmir kò rí irú odi bẹ́ẹ̀ sá sí. Ní August 2019, Íńdíà fagi lé ipò ọ̀tọ̀ Jammu àti Kashmir, ó pín in sí méjì, ó sì kó méjèèjì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Hong Kong, tó wà lábẹ́ Ṣáínà, ṣì ń ná owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ààbò tí Beijing ṣe lé wọn lórí ní 2020 ti gé ìyẹ́ rẹ̀.

Sáńsíbà ní ààrẹ, ilé aṣòfin àti àsíá tirẹ̀ nínú Tansaníà. Ní March 2017, CAF gbà á wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Nígbà tó fi máa di July, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ní kì í ṣe orílẹ̀-èdè.

Ti Àbújá ló yàtọ̀ jù. Láti 1976 tí wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, kò ní gómìnà tí ará ìlú dìbò yàn. Mínísítà tí ààrẹ yàn ló ń ṣàkóso rẹ̀, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ló sì ń ṣòfin fún un. Sẹ́nétọ̀ kan péré ló ní, nígbà tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta. Àwọn Gbagyi, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà kó tó di olú-ìlú, kò lè dìbò yan aláṣẹ kankan níbẹ̀ kọjá alága àti kánsẹ́lọ̀.